Bí mo bá tan A/C, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná: kí ló fà á?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ mi kì í yọ mí lẹ́nu rárá bí mi ò bá tan A/C. Abẹ́rẹ́ géèjì ooru ẹ́ńjìnnì á dúró sí ìdajì, kò ní mira. Ṣùgbọ́n bí mo bá tan A/C tí mo wá bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò ní pẹ́ rárá tí abẹ́rẹ́ yẹn á máa gòkè. Bí ọ̀nà bá là tí mo sáré díẹ̀, á tún rọra wálẹ̀. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ yọ thermostat (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó) dànù, kò tán. Èkejì ní àfi kí n ra rédíétọ̀ (ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù) tuntun. Ẹlòmíràn ní kí n kúkú má tan A/C mọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ra rédíétọ̀ kankan. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó tó láti fi mọ ibi tí ìṣòro yìí wà, ìyẹn ni pé bí ẹ bá sáré, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀. Rédíétọ̀ tó ti dí nínú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí eré gan-an ni tirẹ̀ ti máa ń burú, pàápàá bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, torí ìgbà náà ni iṣẹ́ pọ̀ jù lọ́rùn ẹ́ńjìnnì tí omi tó gbóná sì pọ̀ jù. Tiyín ń gbóná lórí ìdúró, ara rẹ̀ ń balẹ̀ lórí eré. Afẹ́fẹ́ ni kò tó o. Kí mẹkáníìkì tó tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ó yẹ kó ti bi ara rẹ̀ pé ṣé afẹ́fẹ́ ni àbí omi. Ó jọ pé àwọn méjì àkọ́kọ́ ò bèèrè.

Ọ̀nà méjì ni A/C ń gbà di ẹrù lé ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ló ń fi bẹ́líìtì yí kọ̀ńpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì A/C káàkiri, ìyẹn ò ṣòro mọ̀. Èkejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Ooru tí A/C kó jáde nínú ọkọ̀ kì í ṣe pé ó parẹ́. Inú kọ́ńdẹ́ńsà, ibi tí gáàsì A/C ti ń tú ooru rẹ̀ dànù, ló ń lọ. Kọ́ńdẹ́ńsà yìí ló wà ní iwájú pátápátá, rédíétọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ lọ tu rédíétọ̀ lára gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú kọ́ńdẹ́ńsà kọjá, ooru ibẹ̀ á sì bá a lọ. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ tó ń ya wọlé pọ̀ débi pé kò ní hàn. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù tí yóò fa afẹ́fẹ́ náà wọlé. Bí fáànù ò bá lágbára, rédíétọ̀ lè rí tara rẹ̀ gbọ́ nígbà tí A/C wà ní pípa, ṣùgbọ́n kò ní lè gbọ́ ti ẹni méjì.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ẹni tó ní kí ẹ má tan A/C mọ́. Àìsàn yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ kan mú ganrínganrín, kí ẹ kó ẹrù sínú ọkọ̀, kí ojú ọ̀nà dí, ẹ óò rí i pé á gbóná láìsí A/C pàápàá.

Fáànù la ó kọ́kọ́ wò. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, ẹ fa bíréékì ọwọ́, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan A/C kó tutù dé òpin, kí ẹ wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ yín sún mọ́ fáànù, torí ó lè ṣàdédé yí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí A/C bá ti tan, fáànù gbọ́dọ̀ yí, ì báà jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Àwọn ọkọ̀ kan máa ń dúró kí agbára gáàsì nínú páìpù A/C ga díẹ̀, nítorí náà ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí fáànù bá jẹ́ méjì, ẹ wo méjèèjì dáadáa. Ohun tí mo máa ń bá jù ni pé ọ̀kan ń sáré, èkejì ń wòran.

Pé fáànù ń yí kò tíì ní kó máa fa afẹ́fẹ́ o. Ẹ mú bébà kan ṣoṣo, irú èyí tí a fi ń tẹ lẹ́tà, ẹ gbé e síwájú kọ́ńdẹ́ńsà ní ọ̀kánkán fáànù, kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, kó má já bọ́. Bó bá ń gbọ̀n tó sì ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ti rẹ fáànù yẹn: kábọ́ọ̀nù inú mọ́tò rẹ̀ ti jẹ, tàbí béárín rẹ̀ ti ń lọ. Bí bébà náà bá wá ń fò kúrò bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ẹ dànù, ẹnì kan ti so wáyà fáànù sódì, afẹ́fẹ́ ń jáde síwájú dípò kó máa wọlé. Ẹ bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti pààrọ̀ fáànù tàbí gé wáyà ibẹ̀ rí. Ẹ tún wo ike fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó yí fáànù ká, bóyá ó ṣì wà lójú ibi tó yẹ. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọn ò ní dá a padà mọ́. Láìsí i, ẹ̀gbẹ́ ni fáànù á ti máa fa afẹ́fẹ́ tirẹ̀, kò ní fà á gba inú rédíétọ̀.

Bó bá jẹ́ pé kò yí rárá, fíúsì la ó kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà relay, ìyẹn súìṣì kékeré tó ń gbé iná fún fáànù. Relay rọrùn láti dán wò: nínú àpótí kan náà, ẹ sábà máa ń rí òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu, bóyá ti họ́ọ̀nù. Ẹ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí kò bá tíì yí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì fáànù, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ wáyà gbé iná 12 fóòtì láti ara bátìrì fún un tààrà, kí fíúsì wà lórí wáyà náà. Bó bá yí, mọ́tò rẹ̀ dára, ẹ máa wá wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ lọ. Bó bá kọ̀, ẹ ra fáànù. Ó kéré tán, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń rà.

Àwọn rẹ́wáyà kan ò ní bá yín wá gbogbo èyí. Wọ́n á so fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́ tààrà, kó máa yí látìgbà tí ẹ bá ti tan ọkọ̀ títí tí ẹ ó fi pa á. Ó dáa láti fi délé lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ sọ́nà. Láti máa lò ó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kọ́: mọ́tò fáànù á tètè jẹ, alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, á máa ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, ohun tó bàjẹ́ gan-an á sì wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rí i.

Ní ti ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ so mọ́ iwájú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ relay níbẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kó tutù, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí fáànù. Ó yẹ kó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá ń pòòyì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tàbí tí ẹ rí òróró tó jò sí àárín rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ohun tó so fáànù mọ́ ẹ́ńjìnnì, ti kú.

Ẹ tún lè lo A/C fúnra rẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ṣé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí yín lójú ṣì tutù? Bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó tún wá tutù padà nígbà tí ẹ sáré, a jẹ́ pé kọ́ńdẹ́ńsà àti rédíétọ̀ jọ ń jìyà ohun kan náà ni. Bí A/C bá ń tutù nini lórí ìdúró, tí bébà sì ń lẹ̀, fáànù ti bọ́ nínú ẹ̀sùn, ẹ lè wá máa fura sí omi.

Bí fáànù bá yege tí A/C ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí ìdúró, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín kọ́ńdẹ́ńsà àti rédíétọ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti òkè. Kọ́ńdẹ́ńsà lè mọ́ tónítóní níwájú, kí ó sì jẹ́ pé lẹ́yìn rẹ̀, eruku, ewé gbígbẹ àti ìyẹ́ kòkòrò ti para pọ̀ pẹ̀lú òróró tó ń jò, wọ́n ti ki bí tìmùtìmù. Ẹni tó ń wò ó láti iwájú ò lè rí i láéláé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, kí wọ́n tú rédíétọ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n fi omi tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn síwájú, pẹ̀lú ọṣẹ bí òróró bá wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń fọ mọ́tò tẹ ẹ̀rọ olómi líle yẹn sí i. Á tẹ àwọn abẹ́ tín-ín-rín ara rẹ̀ pa, afẹ́fẹ́ ò ní ríbi gbà mọ́.

Ìgbà wo lẹ ti rọ gáàsì A/C kẹ́yìn? Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rọ ọ́ jù. Gáàsì tó pọ̀ jù á mú kí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ wúwo fún ẹ́ńjìnnì, kọ́ńdẹ́ńsà náà á sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Òṣùwọ̀n la fi ń rọ ọ́. Iye gíráàmù tí ọkọ̀ yín ń gbà sábà máa ń wà lára àkọlé kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń di páìpù mú láti mọ̀ bóyá ó ti tutù tó, àfojúdá ló ń ṣe.

Ní ti thermostat tí wọ́n yọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra tuntun kí ẹ dá a padà. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín nǹkan bí 80 sí 95 lórí ìwọ̀n Celsius. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sì máa jẹ epo. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, òun náà ló ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi ń gbà yẹra fún rédíétọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ lè dá kún gbígbóná náà.

Bó bá wá jẹ́ pé lórí eré ni tiyín ti ń gbóná, ibòmíràn ni ǹ bá darí yín sí: rédíétọ̀ tí ìpẹtà ti dí nítorí omi lásán tí wọ́n ń bù sí i, wọ́tà pọ́ǹpù tí abẹ́ inú rẹ̀ ti jẹ, páìpù ìsàlẹ̀ tó ń fún pọ̀ bí ẹ bá tẹ iná, àti ìdérí rédíétọ̀. Ìdérí yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń ki agbára mọ́ omi nínú kó má tètè hó. Omi lásán ń hó ní 100. Coolant (oògùn omi rédíétọ̀) àti omi ní ìdajì-ìdajì, pẹ̀lú ìdérí tó dára, lè kọjá 120 kó tó hó. Bí omi bá sì ń dín kù láì rí ibi tó ń jò sí, tí páìpù ń le gbandi ní kété tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì tútù, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ẹ má fi gbogbo ara gbọ́kàn lé abẹ́rẹ́ géèjì o. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, wọ́n ti ṣe é kó máa dúró sí ìdajì kódà bí ooru bá ti lọ sókè díẹ̀, kó má baà dẹ́rù ba awakọ̀. Nígbà tó bá mira, ọ̀rọ̀ ti ń lọ jìnnà. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á fi nọ́ńbà gidi hàn yín.

Títí tí ẹ ó fi ṣe é, bí abẹ́rẹ́ bá gòkè lójú ọ̀nà, ẹ pa A/C, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan híta dé òpin. Ooru á bò yín, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ kékeré kan ni híta náà, á bá ẹ́ńjìnnì gbé díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Bó bá ṣì ń lọ sí ibi pupa, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ẹ pa ọkọ̀. Ẹ má da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná lórí, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ títí tí páìpù òkè rẹ̀ á fi tutù débi tí ẹ lè dì í mú láìsí pé ó jó yín lọ́wọ́.