Ẹ má tíì dín PEG kù, ẹ ka thiol ná

Ẹ ní sẹ́ẹ̀lì yín ṣù róbótó nínú jẹ́ẹ̀lì PEG-maleimide, pé títí di ọjọ́ kẹta wọn ò na apá, púpọ̀ ti kú, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ dín PEG kù láti 5% sí 3%. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. PEG ni okùn jẹ́ẹ̀lì náà; maleimide tó wà ní orí apá rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ thiol, ìyẹn -SH ara cysteine inú pẹ́pítáìdì.

PEG alápá mẹ́rin, 20 kDa, ní 5%: 50 mg ló wà nínú mL kan. Ìyẹn 2.5 mM PEG, tàbí 10 mM maleimide. Tí RGD, pẹ́pítáìdì tí sẹ́ẹ̀lì ń dì mú, bá gba 1 mM, ó ku 9. Pẹ́pítáìdì tó ń so apá pọ̀ ní thiol méjì, 4.5 mM sì ti tó. Òṣùwọ̀n ló ń ba ìṣirò yìí jẹ́! "95%" tí wọ́n kọ sára ìgò kì í ṣe iye pẹ́pítáìdì tó wà nínú ẹ̀. Iyọ̀ TFA, tó ṣẹ́kù láti ibi tí wọ́n ti ṣe pẹ́pítáìdì, àti omi wà níbẹ̀ tí wọn ò kà mọ́ ọn. Ẹ lè wọn 10 mg kó jẹ́ pé 7 mg péré ni pẹ́pítáìdì. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kọ ìlànà kì í sọ ọ́, "ẹ pò ó pọ̀, á dì" ni tiwọn, ó sì ń dunni. Á dì lóòótọ́, àmọ́ maleimide tó ṣẹ́kù á máa lẹ̀ mọ́ purotéènì ara sẹ́ẹ̀lì.

Thiol tún máa ń so mọ́ra wọn bó bá pẹ́ nínú omi. Nítorí náà, DTNB, kẹ́míkà tí thiol ń sọ di yẹ́lò, ni kí ẹ fi kà á: pH 8, ẹ wò ó ní 412 nm, ẹ fi 14,150 pín iye ìmọ́lẹ̀ tó gbà. Iye tó bá jáde lẹ máa lò, kì í ṣe ohun tí òṣùwọ̀n sọ. Ẹ má da DTT tàbí TCEP, tí wọ́n fi ń tú thiol tó ti so mọ́ra ká, sí i láti tún un ṣe o, àwọn náà ń jẹ maleimide.

TFA yẹn ásíìdì ni, ẹ fi bébà pH wò ó kí sẹ́ẹ̀lì tó wọlé. Ṣùgbọ́n ní 7.4, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló fi ń dì, kí ẹ tó pò ó tán. Lábẹ́ màíkírósíkóòpù, ibì kan á le koránkorán, ibì kan á máa ṣàn, sẹ́ẹ̀lì á ṣù sí ẹ̀gbẹ́ kókó. Ẹ pò ó nínú buffer tí pH rẹ̀ súnmọ́ 6, lórí yìnyín, láìsí serum, kí ẹ tètè da oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì lé e. Ọjọ́ tí ẹ bá máa lo maleimide ni kí ẹ yọ́ ọ. Omi ń bà á jẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sá lọ sọ́dọ̀ norbornene (tí wọ́n ń lò dípò maleimide) àti LAP (kẹ́míkà tí ìmọ́lẹ̀ ń jí láti mú un dì), òótọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ 405 nm ló ń pinnu ìgbà tó máa dì, àmọ́ thiol yìí náà lẹ ṣì máa kà.

Ní ti pé wọn ò na apá: ojú àwọ̀n jẹ́ẹ̀lì jẹ́ nanomítà mélòó kan, sẹ́ẹ̀lì sì tó 10 sí 20 maikiromítà. Bí ohun tó so ó kò bá ṣeé gé, kò sọ́nà. Ẹ lo pẹ́pítáìdì GPQGIWGQ, pẹ̀lú cysteine ní ìpẹ̀kun méjèèjì. MMP, ẹ́ńsáìmù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń la ọ̀nà, ń gé e láàárín G àti I. Ní 3%, apá PEG kan náà lè so mọ́ra rẹ̀, jẹ́ẹ̀lì á rọ̀ tàbí kó má dì rárá. Ẹ kọ́kọ́ rẹ jẹ́ẹ̀lì òfìfo kan sínú collagenase, ẹ́ńsáìmù tó ń gé irú pẹ́pítáìdì yìí. Bí kò bá yọ́, sẹ́ẹ̀lì náà ò ní lè gé e.