Rọ́bà Oúnjẹ Ìyá Mi Ń Dí Lemọ́lemọ́
ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, àrùn Parkinson, àrùn ọpọlọ tó máa ń mú ara gbọ̀n, ló ń bá ìyá mi jà, rọ́bà tí wọ́n fi sí wọn níkùn la sì fi ń fún wọn lóúnjẹ. Rọ́bà náà ń dí lemọ́lemọ́, wọ́n sì máa ń wúkọ́ tí wọ́n bá ń jẹun. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ikọ́ yẹn ló kọ mí lóminú jù, nítorí ó lè jẹ́ pé oúnjẹ ń gòkè padà láti inú ikùn, tí ó sì ń bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ikọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dá oúnjẹ dúró, kí ẹ sì fi tó dókítà létí láìjáfara. Ẹ máa gbé orí àti àyà wọn sókè, ó kéré tán ní ìwọ̀n 30 dígírì, nígbà tí wọ́n bá ń jẹun àti fún nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀.

Oògùn tí kò kúnná wà lára ohun tó sábà ń dí rọ́bà. Ẹ máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án ṣáájú oúnjẹ àti oògùn, àti lẹ́yìn wọn. Bí ó bá ṣì dí, ẹ rọra fi síríńjì ti omi náà síwá-sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́ láé. Ẹ bi apòògùn léèrè pẹ̀lú, nítorí àwọn oògùn Parkinson kan wà tí a kì í lọ̀ rárá.

Bí rọ́bà náà bá yọ, ẹ má tì í padà fúnra yín. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bo ojú ihò náà, kí ẹ sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, nítorí ihò náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dí láàárín wákàtí díẹ̀.