Ṣé ògiri tí a fi fóòmù ínṣì 2 àti bọ́ọ̀dù bò nínú nítorí ooru Ìlọrin lè gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá?

Ó lè gbé e, àmọ́ búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ jẹ́ kó gbé e, kì í ṣe bọ́ọ̀dù. Fóòmù kò lágbára: bí ẹ bá fún síkírù le, yóò tẹ̀ wọnú, bọ́ọ̀dù á sì fọ́. Ẹ ní kí káfíńtà gé ojú ibẹ̀, kó fi pákó líle ínṣì 2 rọ́pò fóòmù, kó dè é mọ́ búlọ́ọ̀kù gan-an, kó tó dá bọ́ọ̀dù padà. Síkírù tí kò bá tó ínṣì 4, ẹ má gbà á, torí yóò kọjá pákó àti sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri kó tó kan búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù wa sì níhò nínú. Bí dírílì bá já sófo, ẹ sún un síbi tó dì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí wáyà iná gbà.