Inox náà ń dógùn-ún: ohun tí ojú mi rí lórí ìbọn bàbá mi

Àbúrò mi ní Ṣábẹ̀ẹ́, bá mi kí bàbá. O ní ọ̀pá ìbọn ọdẹ wọn àti àwọn ẹ̀yà inox tó kù (inox, irin dídán tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí) ti ń yọ àmì pupa wínníwínní. O ń béèrè bóyá kí o mú un dán títí yóò fi máa kọ yànràn bíi dígí, tàbí kí o fi í sílẹ̀ láìdán púpọ̀, èwo ni kò ní jẹ́ kó dógùn-ún mọ́. Ẹni tó sọ fún ọ pé inox kì í dógùn-ún, jọ̀wọ́ má tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ mí lówó, ó sì jẹ mí lóorun.

Kétu ni mo wà, ibi tí odò kò sí, ká má tíì sọ òkun. Nígbà tí bàbá mi kú, mo gbé ìbọn wọn, calibre 12, lọ sí ọ́fíìsì kan kí wọ́n lè kọ ìwé rẹ̀ sí orúkọ mi. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, pé wọn yóò pè mí. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án ni mo ń lọ tí mo ń bọ̀. Lónìí, ọ̀gá kò sí nílé. Lọ́la, ìwé ṣì wà ní Cotonou. Gbogbo ìgbà yẹn, òjò ń rọ̀, inú àpò ìdọ̀họ ni wọ́n wé ìbọn sí, wọ́n fi ti ògiri tí omi ń sun. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, ọ̀pá rẹ̀ ti yọ àmì bí ìgbà tí ata ta sára ẹyin sísè. Mo pariwo. Ọ̀gá wò mí tinútinú, ó ní: "Inox ni, ṣíbí inox tó wà nílé mi kì í dógùn-ún, bóyá òkun lẹ ti ń lò ó." Ẹja wo là ń yìnbọn fún ní Kétu?

Ó bí mi nínú débi pé ilé alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa ni mo gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo yá búrọ́ọ̀ṣì onírin tó fi ń ha ọkọ́ àti àdá, mo fi ha ọ̀pá ìbọn. Ó dán! Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àmì pupa ti di ìlọ́po méjì. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé búrọ́ọ̀ṣì tó ti kan irin lásán ti gbé èérún irin náà, ó sì rì í mọ́ ara inox. Èérún yẹn ló ń dógùn-ún. Irun irin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, òun náà kò yàtọ̀.

Mo gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), sọ́dọ̀ ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní onímọ̀. Ó gba 15,000 fàráǹkì lọ́wọ́ mi, ó gbé ọ̀pá náà ka ẹ̀rọ tó fi ń lọ irin géètì, kò fi omi tù ú, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi gbóná, tí ara rẹ̀ pọ́n bí oyin, tó tún yí sí àwọ̀ aró. Mo béèrè. Ó ní àwọ̀ yẹn fi hàn pé irin gidi ni. Irọ́! Àwọ̀ yẹn fi hàn pé iná ti ba awọ ara irin náà jẹ́, ibẹ̀ ni ìpẹtà sì máa ń kọ́kọ́ mú. Mo dákẹ́, mo sanwó. Títí di òní, bí mo bá rántí owó yẹn, inú mi máa ń gbóná ju ọ̀pá náà lọ.

Kò tán síbẹ̀ o. Ìyàwó mi ní omi Javel máa ń yọ àbàwọ́n. Mo rẹ ẹ̀yà kékeré kan sínú rẹ̀ mọ́jú. Ní àárọ̀, ó ti lu ihò bí ojú abẹ́rẹ́. Àmì pupa ṣeé ha kúrò, ṣùgbọ́n ihò kò ní ìwòsàn. Má jẹ́ kí Javel tàbí omi iyọ̀ sún mọ́ ọn rárá, inox kankan kò fẹ́ iyọ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣíbí yẹn ló kọ́ mi lọ́gbọ́n nígbẹ̀yìn. Nítorí ọ̀pá ìbọn tí iná ń jẹ ni Harry Brearley ṣe ń dán irin oníchrome wò ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1913. Ọ̀bẹ ìjẹun ni irin náà sì kọ́kọ́ gbayì sí. Chrome inú rẹ̀ ló ń bá afẹ́fẹ́ hun awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú kò lè rí, awọ yẹn ló ń dènà ìpẹtà. Ṣíbí rere ní chrome bíi 18 nínú 100, pẹ̀lú nikẹ́lì. Inox tí wọ́n sábà ń fi ṣe ọ̀pá ìbọn, èyí tí wọ́n ń pè ní 416, kò ju 12 sí 14 lọ, wọ́n sì fi imí ọjọ́ sí i kó lè rọrùn láti gbẹ́. Nítorí náà, ṣíbí àti ìbọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Gbé òòfà sún mọ́ ọn: bó bá lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú èyí, ó nílò ìtọ́jú.

Iṣẹ́ náà kò le. Rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Tú u. Fi ọṣẹ fọ epo kúrò. Bébà ìyanrìn tuntun, tí kò tíì kan irin mìíràn rí: nọ́ńbà 320, lẹ́yìn náà 400, lẹ́yìn náà 600 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni bébà ṣe kúnná tó), pẹ̀lú omi. Máa yí ìhà tí ò ń ha sí padà bí o bá ti pààrọ̀ bébà, kí ìlà ti àkọ́kọ́ tán kí o tó tẹ̀ síwájú. Fi aṣọ bo imú, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Lẹ́yìn èyí, po acide citrique oníyẹ̀fun (irú ásíìdì tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́), gíráàmù 50 sínú omi lítà 1, rẹ ẹ fún ìṣẹ́jú 20, kó tú èérún irin tó bá kù. Ìṣẹ́jú 20 ni mo wí! Mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ ẹ̀yà mìíràn títí ilẹ̀ fi mọ́, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Fi omi púpọ̀ ṣàn án, gbẹ ẹ, fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ pa á. Epo mọ́tò tí wọ́n ti lò ní ásíìdì nínú. Òrí àti epo pupa ń dì, bí ọyẹ́ bá dé eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Má sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpò awọ, awọ a máa gba ọ̀rinrin pamọ́.

Kí n má gbàgbé: ibi tí a ń fi ìka fà, àti ibi tí eyín irin méjì ti ń gbá ara wọn mú nínú ìbọn, má fi bébà kàn án. Bí o bá ha a díẹ̀ péré, ìbọn lè yìn fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ ìbọn ni kó fọwọ́ kàn án, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ìwọ.

Ìbéèrè rẹ gan-an, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bí ara irin bá ṣe ń dán tó, bẹ́ẹ̀ ni omi àti ìdọ̀tí kò ní ríbi sá pamọ́ sí tó, nítorí náà dídán bíi dígí ló ń kọ ìpẹtà jù. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni bàbá rẹ. Ọ̀pá tó ń kọ yànràn lábẹ́ oòrùn yóò lé ẹtu kí wọ́n tó gbé e sójú. Èmi dúró ní 600 lóde, gbogbo ìlà lọ sí ìhà kan náà, mo wá mú kọ̀rọ̀ tí igi ìbọn bò dán dáadáa, torí ibẹ̀ ni òógùn àti omi òjò máa ń sun sí.

Sọ fún mi o: ṣé ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń lò, àbí cartouche (ọta alápò) tòde òní? Bó bá jẹ́ ẹ̀tù dúdú, eérú rẹ̀ ní iyọ̀ tó ń fa omi. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó jẹun.