Àkèré olóró ní Kétu: ooru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mò ń gbé. Mo fẹ́ sin àwọn àkèré aláwọ̀ mèremère ti Gúúsù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní olóró. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà, báwo ni kí n ṣe ilé rẹ̀? Ṣé kò ní ṣe àwọn ọmọ mi ní jàǹbá?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Oró wọn ni kí n kọ́kọ́ dáhùn. Inú eèrà àti kòkòrò wínníwínní tí wọ́n ń jẹ nínú igbó ni wọ́n ti ń kó o jọ. Èyí tí wọ́n bí sínú àpótí, tó ń jẹ eṣinṣin èso, kò ní oró. Àmọ́ èyí tí wọ́n mú nínú igbó lè gbé tirẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ má rà á. Kí àwọn ọmọ má sì fọwọ́ kan àkèré kankan rárá, torí awọ rẹ̀ ń fa gbogbo ohun tó bá kàn án: iyọ̀ òógùn àti ọṣẹ ọwọ́ wa ló máa pa á lára.

Ooru gan-an ni ọ̀tá yín. Ìwọ̀n ooru 22 sí 26 lórí tẹmọ́mítà Celsius ló bá a lára mu. Tó bá dé 30 fún wákàtí díẹ̀, ó lè kú. Ìwé àwọn ará Yúróòpù á máa kọ́ yín bí ẹ ṣe máa mú àpótí gbóná. Ẹ pa ojú ewé yẹn dé. Ẹ gbé àpótí òfìfo sílẹ̀ nínú yàrá tó tutù jù, ilé alámọ̀ ló dára jù, kí tẹmọ́mítà wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin oṣù Kẹta ọdún, nígbà tí ooru bá mú. Tó bá ń kọjá 28 lọ́sàn-án, ẹ má tíì ra àkèré. Ìgò omi dídì lórí àwọ̀n ìdérí ń ràn án lọ́wọ́. Fáànù náà dára, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ àpótí, pàápàá nígbà ọyẹ́: ẹ fọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kí ọ̀rinrin má baà wálẹ̀ ju 70 nínú 100 lọ.

Dendrobates leucomelas ni kẹ́ ẹ mú, dúdú tó ní ìgbànú yẹ́lò, láti Fẹnẹsúẹ́là àti Gàyánà. Ó mọ ẹ̀ẹ̀rùn ní ilé rẹ̀, ara rẹ̀ sì le ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta lè gbé àpótí dígí kan, 60 × 45 × 45 sẹ̀ǹtímítà. Dendrobates tinctorius lẹ́wà, ṣùgbọ́n àwọn abo rẹ̀ máa ń bára wọn jà.

Òkúta wẹẹrẹ sẹ̀ǹtímítà 5 nísàlẹ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn lé e, lẹ́yìn náà okùn èèpo àgbọn tí ẹ ti rẹ fún ọjọ́ méjì, tí ẹ sì fọ̀ kí iyọ̀ rẹ̀ lọ, pẹ̀lú èédú díẹ̀. Ewé fúrúntù gbígbẹ tí ẹ ti sè ni kó bo gbogbo rẹ̀, kó nípọn. Omi òjò ni kẹ́ ẹ lò, èyí tó bọ́ sínú abọ́ láti ojú ọ̀run tààrà: ti orí páànù ń gbé síńkì wá, ti ẹ̀rọ sì ní kulorín.

Oúnjẹ ń da àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ láàmú ju ilé lọ. Ẹ ti sin eṣinṣin èso fún oṣù méjì kí àkèré tó dé: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ìwúkàrà díẹ̀, ìgò tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àkèré kan á jẹ bí 20 lójúmọ́, pẹ̀lú ìyẹ̀fun kálísíọ́mù àti fítámì D3. Láìsí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ. Ẹ gbé ìgò wọnyí sínú yàrá tútù kan náà, nítorí ní 30, àwọn akọ eṣinṣin kì í lè bímọ mọ́. Ikán náà dára lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀. Ibi tí wọn ò tíì fín oògùn kòkòrò rí ni kẹ́ ẹ ti wá a.

Àkèré yìí wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó. Kí ìwé àṣẹ olùtajà wà lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ sì bá àwọn Eaux et Forêts, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó, sọ̀rọ̀ kó tó gbéra lọ́hùn-ún.