Dánfó Mi Funfun Bí Ẹfun, Kí Ni Kí N Ṣe?

Ìbéèrè yín, ìdáhùn Bàbá Ọlọ́dà

Nígbà tí mo sọ fún yín lóṣù tó kọjá pé ọdún 31 ni mo fi fín mọ́tò ní Múṣin, pé mọ́tò ìṣeré tí mò ń tò tí mo sì ń fín nílé mi ní Sùúrùlérè báyìí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mo rò pé ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àfi bí lẹ́tà ṣe ń rọ́ wọlé. Mo mú márùn-ún nínú wọn.

*Bàbá Ọlọ́dà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ló fi páálí Volkswagen T2 ti Revell ránṣẹ́ sí mi, mọ́tò ike téèyàn ń tò pọ̀ fúnra rẹ̀, ìwọ̀n 1/24 (ìyẹn ni pé ìdá kan nínú 24 ti gígùn ọkọ̀ gidi ni). Mo ní màá sọ ọ́ di dánfó. Mo to ara rẹ̀ pọ̀, mo fín yẹ́lò sí i ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kí n tó jẹun alẹ́ tán, òrùlé ọkọ̀ ti funfun bí ẹfun. Mo fi aṣọ nù ún, kò lọ. Ibi tí kò tiẹ̀ funfun, yẹ́lò rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Ṣé ọ̀dà yẹn ni kò dáa, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n fín? — Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Bàrígà*

Ọmọ mi, ọ̀dà náà ò ṣe nǹkan kan. Òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yẹn ni kó o dì mú. Ọ̀dà tó ní tínà nínú máa ń gbẹ nítorí pé tínà rẹ̀ ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Bó ṣe ń fò lọ, ó ń kó ooru ojú ike dání, ojú ike á wá tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ṣó o ti gbé ìgò mínírà jáde látinú fíríìjì rí lóṣù keje? Kó o tó ṣí i, ó ti ń làágùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òrùlé dánfó rẹ ṣe làágùn, àmọ́ ọ̀dà orí rẹ̀ kò tíì gbẹ, omi yẹn bá há sínú rẹ̀. Òun ni funfun tí ò ń wò yẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀gá mi kì í jẹ́ ká fín mọ́tò dúdú lẹ́yìn aago 4 ìrọ̀lẹ́ lásìkò òjò, torí ara dúdú ló máa ń hàn sí jù. Kọ́sítọ́mà lè sunkún lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá á ní kó lọ sùn.

Fi dánfó náà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, láàárín aago 11 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, gbé agolo ọ̀dà yẹn kan náà, kó o fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, bí ẹni tó ń fín lọ́fínńdà sọ́rùn. Tínà tó wà nínú ọ̀dà tuntun á mú kí ti ìsàlẹ̀ rọ̀ díẹ̀, omi tó há á ráyè jáde, funfun náà á wábi gbà. Tó bá ṣàgídí, jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, fi sánpépà 1000 pẹ̀lú omi ha á jẹ́jẹ́, kó o tún un fín. Kó o tó bẹ̀rẹ̀, ri agolo ọ̀dà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ọ̀dà á jáde kúnná. Omi tó o lè ki ọwọ́ bọ̀ ni mo wí o! Ẹni tó bá gbé e kaná ń wá ilé ìwòsàn.

Ohun kan tí o ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó o da tínà mọ́tò lé e lórí. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Páálí àkọ́kọ́ tí mo tò, Ìjàpá (Volkswagen Beetle) ti Tamiya ni, 1/24. Mo ní kí lọmọdé fẹ́ fi kọ́ mi nípa ọ̀dà? Mo bu tínà látinú kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń pò ti mọ́tò gidi, mo pò ó, mo fín in. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni bónẹ́ẹ̀tì wú, ó wá rọ̀ wọ̀jọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n da ọbẹ̀ gbígbóná lé. Irin ni mo ti ń fín látọjọ́ yìí. Ike ni èyí, ike yẹn sì jẹ́ oúnjẹ fún tínà mọ́tò. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí mo bá fẹ́ fín, mo kọ́kọ́ ń fín in sára igi ike tí a gé àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ kúrò lára rẹ̀. Má da igi yẹn nù.

Ní ti àìsàn ibà, mo fura pé puráímà (ọ̀dà tí a kọ́kọ́ ń fín sábẹ́) aláwọ̀ eérú lo lò. Yẹ́lò kì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa, ohun tó bá sì rí níbẹ̀ ló máa gbé jáde. Funfun ni kó o fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Fín in lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin ní tínrín, torí èyí tó bá nípọn lẹ́ẹ̀kan á ṣàn bí omijé. Kó o tó fín puráímà gan-an, fi ọṣẹ àti omi fọ ara ike náà. Òróró ilé iṣẹ́ máa ń kù lára rẹ̀, ọ̀dà kì í sì í lẹ̀ mọ́ òróró.

Tó o bá dé orí ilà dúdú, mú tépù ìdíwọ̀n lọ sí gáréèjì, kí o bẹ dírẹ́bà kan kó jẹ́ kó o wọn ti ara ọkọ̀ rẹ̀. Mú owó mínírà dání. Ká ní ilà náà fẹ̀ tó mílímítà 120, pín in sí 24, mílímítà 5 ni tìrẹ. Lẹ́yìn tó o bá lẹ tépù, fín yẹ́lò díẹ̀ sí etí tépù náà kí dúdú tó kàn án. Gbogbo ibi tí dúdú ìbá ti yọ́ wọ abẹ́ tépù, yẹ́lò ti kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ dí i pa, yẹ́lò lórí yẹ́lò, ta ló fẹ́ rí i?

*Ẹ̀yin àgbà, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ń gé agolo mílíìkì mi ṣe mọ́tò. Sílípáàsì mi ti lọ sí i, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù. Bàbá rẹ̀ ní kí n ra ti òyìnbó tí wọ́n ń tò fún un. Mo béèrè iye rẹ̀, mo yí padà sílé. Ṣé nǹkan gidi wà nínú eléyìí, àbí eré lásán? — Ìyá ọmọ, Èbúté-Mẹ́ta*

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá wa. Sílípáàsì yẹn, ẹ gbà á bí owó ilé-ìwé. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, agolo mílíìkì ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdérí ìgò mínírà ni táyà wa kí ẹnìkan tó rí i pé sílípáàsì kì í dún lórí kọnkéré. A máa ń fi wáyà kan tó gùn dé àyà ṣe ìtọ́kọ̀, kéèyàn lè máa tì í lọ lóòró. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ pé tí ihò tí igi táyà gbà kọjá bá fi bí ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan yẹ̀, gọ́tà ni mọ́tò ń lọ tààrà. Kò sí tíṣà tó kọ́ mi ní ìyẹn.

Ẹ bá mi wí fún un pé kó máa ká etí agolo wọnú, kó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Etí agolo a máa gé ọwọ́ ju bíléèdì lọ. Kó máa kun ọ̀dà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí atẹ́gùn wà. Inú kíṣìnnì tí gáàsì ń jó kọ́ o, ẹ dákun, torí èéfín tínà máa ń gbiná.

Ẹ má ì tíì ra páálí olówó ńlá. Ẹ wọ Ìdúmọ̀tà, ẹ ra mọ́tò kékeré onírin, ti 1/64, irú èyí tí Matchbox ti ń ṣe láti 1953 tí Hot Wheels sì bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Kí bàbá rẹ̀ bá a fi dírílì lu ìṣó abẹ́ rẹ̀, yóò tú sí méjì, ọmọ á ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò, á tún un kùn bó ṣe wù ú. Tó bá bà á jẹ́, kò sẹ́ni tó máa sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá èyí tí wọ́n ń kàn pọ̀ láìlo gọ́ọ̀mù. Kí ẹ sì ra sílípáàsì mìíràn fún ara yín, kí ẹ fún un ní ẹsẹ̀ kan tó kù yẹn.

*Ẹ bá wa dá sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní 1/25 tóbi ju 1/24 lọ nítorí pé 25 ju 24 lọ. A ti fi mínírà méjì ta. — Oníjà, Ìkẹjà*

Ẹ lọ gba mínírà yín. Tí wọ́n bá gé búrẹ́dì Agége kan sí ọ̀nà 24, tí wọ́n gé ìkejì rẹ̀ sí ọ̀nà 25, níbo lẹ ti máa jẹ yó? Ìjàpá gidi gùn ju mítà 4 lọ díẹ̀. Ní 1/24, ó di bíi sẹ̀ǹtímítà 17. Ní 1/25, ó dín sí 16 àti díẹ̀. Ní 1/43, kò pé 10. Ní 1/64, ó lè wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn 1/25, àwọn ará Japan fẹ́ràn 1/24. 1/43 tó dà bí ìṣirò wèrè yẹn, ọkọ̀ ojú irin ìṣeré ló ti wá. Mílímítà 7 ni wọ́n fi ń dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan níbẹ̀. (Ìjàpá yẹn, mo fín in títí ó fi sú mi. Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní 1975, nígbà náà wọn kì í sì í pẹ́ dé Múṣin lẹ́yìn tí àwọn onímọ́tò bá ti gbá a mọ́ ara wọn.)

*Mo fi súpà gúlù lẹ gíláàsì iwájú. Ilẹ̀ mọ́, gíláàsì ti di ìkùukùu. — Obìnrin kan, Ṣómólú*

Èéfín súpà gúlù ni. Ó máa ń fò wá bà lé gíláàsì bó ṣe ń gbẹ. Gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò ni kẹ́ ẹ fi lẹ gíláàsì. Ó ń gbẹ, ó ń mọ́ kedere, tó bá sì yí, ẹ lè fi omi nù ún.

*Bàbá, mo ti kun dánfó mi tán, ó ń dán gbinrin. Ìyàwó mi wò ó, ó ní dánfó wo nìyẹn, pé ó jọ ọkọ̀ ilé-ìwé àwọn olówó. — Awakọ̀ kan, Yábàá*

Ìyàwó yín lójú. Ẹ lọ jókòó sí Ojúẹlẹ́gba fún wákàtí kan. Ẹ má wo gbogbo ọkọ̀, ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Ibi tí kọ̀ńdọ́ ń dì mú lókè, yẹ́lò ti ṣí kúrò níbẹ̀. Lábẹ́ yẹ́lò, ẹ ó rí àwọ̀ tí ọkọ̀ náà wọ̀ kó tó gun ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó, búlúù tàbí funfun. Lábẹ́ ìyẹn ni irin, tí àtẹ́lẹwọ́ ti nù títí ó fi ń kọ mànà bíi ṣíbí. Ibẹ̀ kì í dípẹtà nítorí pé ọwọ́ kì í kúrò níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí omi àgbàrá ti ń gbá a, ni ìpẹtà ń gbé. Kì í sì í ṣe pupa báwọn kan ṣe ń kùn ún. Àwọ̀ ẹ̀pà tí wọ́n yan jù ni.

Ẹ já fóòmù kékeré lára mátíréẹ̀sì tó ti gbó. Ẹ fi kan ọ̀dà aláwọ̀ ẹ̀pà yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ìròyìn títí tí kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan lára mọ́, kẹ́ ẹ wá fi tọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ṣókí ṣókí. Ní ti ibi tí ọwọ́ ti nù, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù ra á, yóò tàn bí irin. Èédú lílọ̀ lẹ́yìn ẹ̀sọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀kì lílọ̀ fún eruku táyà. Ẹ dúró kí ó tó kún jù, torí ọwọ́ máa ń dùn mọ́ èèyàn níbi eléyìí, ẹ ó kàn rí i pé ẹ ti sọ ọkọ̀ di pàǹtí.

Tèmi, mo tún fi òwú dúdú so ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ òpó, bí wọ́n ṣe máa ń so ó tí róòlà rẹ̀ bá ti jẹ, mo sì gbé kọ̀ńdọ́ kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, ó rí òwú, àánú mi ṣe é. Ó já òwú náà, ó ti kọ̀ńdọ́ wọlé, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ilẹ̀kùn pa. Láti oṣù kẹjọ ni kọ̀ńdọ́ mi ti há sínú ọkọ̀.