Ẹja mélòó ni táǹkì kékeré lè gbà? Ẹ gbé rúlà sílẹ̀ ná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra táǹkì ẹja onígíláàsì kan sí pálọ̀. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 30, ó ga ní 30, ìyẹn lítà 54. Wọ́n ní lítà omi kan ló tó sẹ̀ǹtímítà ẹja kan. Goldfish tí mo rí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, mo wá ṣírò ẹ̀ pé mẹ́wàá á gbà á dáadáa. Ṣé kí n lọ kó wọn lópin ọ̀sẹ̀ yìí?

Ìdáhùn: Ẹ má kó wọn wálé. Kì í ṣe mẹ́wàá, kì í ṣe méjì pàápàá, kì í sì í ṣe lópin ọ̀sẹ̀ yìí.

Irú ìbéèrè yìí kì í tán, òfin sẹ̀ǹtímítà-kan-lítà-kan yẹn ló sì máa ń wà nídìí ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo omi. Ìṣirò orí ìwé ló fún yín ní lítà 54. Ẹ da iyanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 4, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 4 sílẹ̀ lókè kí ẹja má baà fò síta, omi tó kù á ga ní 22. 60 lọ́nà 30 lọ́nà 22 jẹ́ 39,600: kò pé lítà 40. Omi díẹ̀ á sá sáàárín iyanrìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkúta ńlá àti igi tí ẹ fi ṣe ọ̀ṣọ́ náà á gba àyè tiwọn.

Ti ẹja ló wá burú jù. Gígùn kọ́ ló ń jẹun tó ń yàgbẹ́, ara ni. Bí ẹja bá ṣe ń gùn ló ń fẹ̀, ló sì ń ki. Goldfish oníkùn róbótó, èyí tí ìrù ẹ̀ pín sí méjì, máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 bí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Èyí tó rí gbọọrọ, tó ní ìrù kan, lè kọjá 25. Ẹ jẹ́ ká mú 20. Ó fi ìlọ́po mẹ́rin gùn ju ti sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ó fi ìlọ́po mẹ́rin fẹ̀ jù ú, ó sì fi ìlọ́po mẹ́rin ki jù ú. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin: 64. Ẹja kan ṣoṣo yẹn á wúwo tó nǹkan bíi 64 irú èyí tí ẹ rí. Rúlà sì ní mẹ́rin péré ló dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀! Ẹja mẹ́wàá yín, bí wọ́n bá dàgbà, ẹrù 640 ni wọ́n máa gbé sínú lítà 40.

Mo mọ ọ̀rọ̀ tó kàn: wọ́n ní ẹja kì í dàgbà ju ilé ẹ̀ lọ. Irọ́ ni. Ẹja tó ràn nínú abọ́ kékeré kò fínnúfíndọ̀ ràn. Ẹ̀gbin inú omi ló dá a dúró. Òmíràn á tẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ò sì ní pẹ́ kú. Goldfish tí omi tẹ́ lọ́rùn lè lo ọdún 10, kódà ó lè kọjá bẹ́ẹ̀. Èyí tó kú lóṣù mẹ́fà, ẹ má sọ pé ọjọ́ ẹ̀ ló pé.

Kí wá ni ẹrù tí mò ń wí? Amóníà ni. Abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ẹja fi ń mí ló ti ń jáde jù, ó tún ń jáde lára ìgbẹ́ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Kò láwọ̀. Omi lè mọ́ lóló kó sì jẹ́ májèlé. Àwọn bakitéríà kan tó ń gbé inú fóòmù fíltà, asẹ́ omi yẹn, ló ń sọ amóníà di nitrite; àwọn mìíràn á sọ nitrite di nitrate, èyí tí wàhálà ẹ̀ kéré, tí ẹ lè fi omi pípààrọ̀ dín kù. Iye amóníà tí àwọn bakitéríà yìí lè jẹ lójúmọ́, àti ọ́síjìn tó ń gba ojú omi wọlé, ni iye ẹja tí táǹkì lè gbà. Ìdí nìyẹn tí táǹkì tó fẹ̀ lójú fi ń gba ẹja ju èyí tó ga tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, bí lítà wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Fíltà tuntun ò ní bakitéríà kankan tó ká a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Bí ẹ bá kó ẹja sí i lọ́jọ́ kìíní, láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n á pa lẹbẹ mọ́ra, wọ́n á máa la ẹnu lójú omi, abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á pọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni nitrite á wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, á sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀, kò sì ní lè gbé ọ́síjìn mọ́. Ẹni tó tà á fún yín lè sọ pé àrùn ló ń ṣe wọ́n, kó ta oògùn lé e, bẹ́ẹ̀ àwọn oògùn kan wà tó ń pa bakitéríà ọ̀hún gan-an. Ẹ dán omi wò kí ẹ tó ra oògùn kankan.

Ẹ tan fíltà, ẹ má sì pa á, tọ̀sán tòru. Ẹ fi amóníà olómi tí kò ní ọṣẹ tàbí lọ́fínńdà sí i títí ohun ìdánwò omi á fi ka mílígíráàmù 2 nínú lítà kan. Bó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ tún fi kún un. Ọjọ́ tí 2 yẹn bá pòórá láàárín wákàtí 24, tí nitrite náà sì jẹ́ òdo, fíltà ti ṣe tán. Ẹ pààrọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà, kí ẹ tó wá ronú ẹja. Bí ẹ bá rí fóòmù gbà láti inú táǹkì àtijọ́ tí ara ẹja inú ẹ̀ dá, ọjọ́ á dín kù gan-an.

Lítà 40 yín á gba neon tetra mẹ́jọ sí mẹ́wàá (ẹ má jẹ́ kó dín ní mẹ́fà, ẹ̀rù á máa bà wọ́n), tàbí guppy akọ mẹ́fà, tàbí betta akọ kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú mẹ́ta ni o, kì í ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní guppy akọ, nítorí abo tí ẹ rà lè ti lóyún, ó sì lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú fún oṣù mélòó kan, kó máa bímọ ogún, ọgbọ̀n, lóṣooṣù láìrí akọ mọ́. Neon tetra mẹ́wàá oní-sẹ̀ǹtímítà 4 nínú lítà 40 bá rúlà mu, mo mọ̀. Ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ láé nìkan ni rúlà lè ṣèèṣì bá mu. Ẹ kó márùn-ún sí i ná, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ dán omi wò, kí ẹ tó kó ìyókù. Èmi ò rí omi yín, nítorí náà ohun tí ìdánwò bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé ju iye tí mo kọ síbí lọ.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pààrọ̀ lítà 10. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ lo oògùn tó ń pa agbára chlorine, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi: bó bá jẹ́ chloramine, ìyẹn chlorine tí wọ́n pò mọ́ amóníà, ni wọ́n fi sí omi náà, bó sùn mọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kò ní kúrò. Inú omi tí ẹ bù jáde láti inú táǹkì ni kí ẹ ti fọ fóòmù fíltà, ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá ti sanwó goldfish náà sílẹ̀, ẹ bẹ ẹni tó tà á kó bá yín fi neon tetra rọ́pò ẹ̀, kó sì bá yín tọ́jú wọn sọ́dọ̀ títí fíltà yín á fi ṣe tán.